"Ìlà ti tán, Àǹtí": àkọsílẹ̀ ọmọ kan àti àmì ìdánudúró

Ọmọ ọdún méje ni. Prámárì Kejì ló wà, ní ilé-ìwé aládàáni kékeré kan n'Íbàdàn, èmi sì ni Àǹtí kíláàsì rẹ̀. N kò ní dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé. Kì í ṣe olódo rárá. Ìṣirò ò nira fún un, ẹnu rẹ̀ sì dùn: tó bá ń pa àlọ́ Ìjàpá lásìkò oúnjẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbàgbé ṣíbí sínú abọ́. Àmọ́ tó bá ti di pé ká kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé, báírò pupa mi kì í sinmi.

Ohun tó kọ nìyí ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà kejì, nígbà tí mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Bó ṣe gé ìlà rẹ̀ ni mo ṣe gé e:

my Mummy go to.
BoDija market i.
follow her she Buy.
rice anD Beans our.
Dog lucky run to.
GranDma

Gbólóhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àmì ìdánudúró, ìyẹn full stop, márùn-ún ló fi sí i, kò sì sí ẹyọ kan tó bọ́ síbi tó yẹ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn, tí ì bá ṣèèṣì gba tirẹ̀, kò rí gbà. "B" tó bẹ̀rẹ̀ Bodija tọ̀nà, ṣùgbọ́n èèṣì ni, torí "B" inú beans náà ga bákan náà, "D" sì yọrí láàárín Bodija bí ẹni tó dìde dúró nígbà tí gbogbo ìjọ jókòó. "I" tó yẹ kó tóbi kéré. Orúkọ ajá kéré. Ti go àti buy, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò ní tún ìkankan ṣe. Mo fi báírò yí èyí tó kù ká, mo kọ "See me" sísàlẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà ní kékeré. Mo kọ òfin sójú bọ́ọ̀dù: A sentence begins with a capital letter and ends with a full stop. Àràárọ̀ là ń kà á, gbogbo kíláàsì lápapọ̀, bí ẹni ń ka Sáàmù kẹtàlélógún. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ yìí ló mọ̀ ọ́n kà jù. Mo wá ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòótọ́, lẹ́tà kékeré ló sì fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Òfin náà gùn ju ìlà kan lọ nínú ìwé rẹ̀, nítorí náà ó fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn capital, níbi tí ìlà parí sí, kó tó sọ̀ kalẹ̀ máa bá òfin lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ìwé yẹn ti ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà, n kò kàn tíì gbọ́ ni.

Àpèkọ ló tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń pe àpèkọ nílẹ̀ wa, olùkọ́ á pe ọ̀rọ̀, á sì pe àmì mọ́ ọn: "The goat is in the farm, full stop." Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú kọ ful stop ní lẹ́tà lẹ́tà sí ìparí gbólóhùn tirẹ̀, ẹ̀rín pa wá. Ọmọkùnrin tí mò ń sọ gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Inú mi dùn fún odidi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì mo pe òmíràn láìpe àmì kankan, ni gbogbo àmì bá tún padà sí ìparí ìlà bí adìyẹ tó mọ ilé lálẹ́. Ó wá yé mi pé èmi ni mo ti ń fi àmì sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kàn yá lò.

Ìgbìyànjú tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ló burú jù, torí òun ni mo gbọ́kàn lé jù. Mo ní kí wọ́n máa ka gbólóhùn sókè. Ibi tí ẹnu bá ti dúró kí wọ́n tó mí, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan: ibẹ̀ ni àmì wà. Orúkọ tí Yorùbá fún àmì náà gan-an ń tì mí lẹ́yìn, ìdánudúró, kéèyàn dá ẹnu dúró. Àwọn ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì geere jàǹfààní níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣì ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ lẹnu rẹ̀ ti ń dúró. Nígbà tó di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun tó fún mi rèé: The. goat. is. eating. yam. peel. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sì rú òfin kankan nínú èyí tí mo fún un.

N kì í fi mímí kọ́ ọmọdé ní àmì yìí mọ́. Ẹni tó mọ̀wé kà ń dánu dúró torí pé ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà ń dánu dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Orúkọ tí a fún àmì náà dára fún àgbà, ó ń ṣi ọmọdé lọ́nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Mo ti bi í léèrè nínú kíláàsì ní Gẹ̀ẹ́sì: "Why did you put a full stop here?" Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ẹni tó bá ti kọ́ni nírú ilé-ìwé wa mọ ìdí rẹ̀. "Why" láti ẹnu olùkọ́, ìbáwí ni, kì í ṣe ìbéèrè. Àwọn ọmọ mọ̀ pé "Sorry, Aunty" ni ìdáhùn rẹ̀. Ilé-ìwé náà sì ti kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ "vernacular". Nítorí náà mo dúró di àkókò ìsinmi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta tẹ́ẹ̀n-tẹ́ẹ̀n nínú oòrùn, òun jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ń jẹ bisikíìtì. Mo jókòó tì í, mo ṣí ìwé rẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi fi àmì síbí yìí?"

"Ìlà ti tán, Àǹtí."

Kò tilẹ̀ ronú kó tó fèsì. Mo ní ta ló sọ fún un pé tí ìlà bá tán ká fi àmì sí i. Ó sáré wọ kíláàsì, ó gbé ìwé ìkàwé rẹ̀ wá, ìwé tí wọ́n ti ń lò láti nọ́sìrì, ó ń fi ìka tó kún fún ẹ̀rún bisikíìtì tọ́ ọ sókè sódò: This is a cup. That is a ball. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Àmì kan ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, kò sí gbólóhùn kan tó gùn débi pé ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì.

Ọmọ yìí ti ka ìwé rẹ̀ fínnífínní jù mí lọ. Ó ti rí òfin kan níbẹ̀, òfin náà sì bá gbogbo ojú ewé mu. Èmi ni mo dé, tí mò ń fi ẹnu lásán sọ òfin mìíràn fún un. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá nìkan. Àwọn tó ti ṣèwádìí ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá wọn bá irú àmì ìparí ìlà bẹ́ẹ̀ pàdé. Ojú ìwé ni ọmọ ń wò. Kò tíì mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ ni òpin wà.

Mo wá rí i pé ọ̀nà ti là. Mo tọ́ka sí Beans. Kí ló dé tí B yìí fi ga?

"Kékeré ẹ̀ máa ń yí ojú padà, Àǹtí. Ńlá ló mọ ibi tó kọjú sí."

Ẹ tún un kà. "b" àti "d" kékeré, ọ̀pá kan náà, ikùn kan náà. Ẹ̀gbẹ́ tí ikùn wà nìkan ló yà wọ́n. "B" àti "D" ńlá, ọ̀tún ni ikùn wọn méjèèjì wà, wọn ò sì jọra. Ọmọ náà ti bọ́ sínú ìṣòro yìí láìsí ẹni tó bá a yọ ọ́, ó sì ti rí ọ̀nà àbáyọ fúnra rẹ̀. Gbogbo báírò pupa tí mo ti fi yí "D" ká láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òfin lẹ́tà ńlá ni mo rò pé mò ń kọ́ ọ. Kò tilẹ̀ sí lára ọ̀rọ̀ náà.

Ó ku Mummy àti Lucky. Mo ní kí ló dé tí Mummy àti Grandma fi tóbi tí Lucky fi kéré. Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ò já gaara. "Ajá ni, Àǹtí." Mo ní "i" tó dúró fún òun alára ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mi ò tíì dàgbà."

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ọmọ yìí rò pé lẹ́tà ńlá jẹ́. Nílé wọn, a kì í fi ìwọ pe Mọ́mì, a kì í fi ó pe Màmá Àgbà. Nígbà tó dé inú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí you kan náà ti tó fún ọba àti fún ewúrẹ́, ó ń wá ibi tí ọ̀wọ̀ wà. Nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ó ti rí i pé God ga, He tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run náà ga, òye sì yé e: àgbà ni wọ́n ń gbé ga báyìí. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi kọ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ tirẹ̀ gan-an, lẹ́tà kékeré ló fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bó bá ti wọ àárín gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ti fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo orúkọ náà pátá sẹ́yìn ìwé. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Gbogbo ohun tí ọmọ wa ń kà lójú pópó, lẹ́tà ńlá ni, láìní àmì kankan: POST NO BILL, THIS HOUSE IS NOT FOR SALE. Kíláàsì nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń bá a jà lórí rẹ̀.

Àìsàn mẹ́ta nìyí, oògùn kan ni mo ti ń fún gbogbo wọn. Mo pín wọn.

Ti ìlà ni mo fi àkókò sí jù. Mo gé kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ra wọn lórí-ìdí, ẹ̀yìn funfun rẹ̀ síta, ó gùn tó ògiri kíláàsì kan. Kò sí ìlà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìparí ìlà tó lè tan ẹnikẹ́ni. Mo ní kó pa àlọ́ Ìjàpá ní Yorùbá, mò ń kọ ọ́ lọ bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìfi àmì kankan sí i: ìjàpá lọ sí oko àna rẹ̀ ó jí iṣu ilẹ̀ ṣú. Mo wá gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, kó gé e sí ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti parí. Ìbéèrè méjì péré ni kíláàsì yóò máa bi ègé kọ̀ọ̀kan: Ta ni? Kí ló ṣe?

Ẹ̀yìn "ìjàpá lọ" ló kọ́kọ́ gé. "Ìjàpá lọ" lè dá dúró, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ó wá gbé ègé kejì sókè: "sí oko àna rẹ̀". Gbogbo kíláàsì pariwo: "Ta ni?" Ó wo pépà náà, ó wò wá, ó tún un wò. Ó na ọwọ́ sí gọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ ẹ́ padà. Kò sẹ́ni tó fi báírò pupa kankan ṣe ìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ rí òpin gbólóhùn ní èdè tó ń gbọ́ yékéyéké kó tó lè wá a kiri ní èdè tó ń ṣe kítikìti níbẹ̀. Àmì náà kò sì yàtọ̀. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni Yorùbá ti gba àmì ìdánudúró, lẹ́tà ńlá ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àti lẹ́tà ńlá orúkọ. Ohun tí ọmọ bá kọ́ nínú "Ìjàpá jí iṣu." kò ní yí padà nínú "The tortoise stole a yam."

Wàhálà kan ṣoṣo ni Yorùbá dá sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó di pé kó fi pẹ́ńsù fi àmì sí àwọn ègé náà, abẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn ló fi àmì àkọ́kọ́ sí, kò fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí ègé kúkurú tó kọ fúnra rẹ̀, "mo lọ sí oko", oko di okọ. Ó ti mọ àmì kékeré tí a ń fi sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, èyí tí ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì CMS tó wáyé l'Ékòó ní 1875 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì rò pé òun kan náà ni. Mo ní kó ka ohun tó kọ sókè. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́. Àmì abẹ́ ń yí ìró lẹ́tà padà; àmì ẹ̀gbẹ́ ti odidi gbólóhùn ni. N kò tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìyẹn a padà sínú ìwé onílà. Níbẹ̀ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fún un ní gbólóhùn tó gùn ju ìlà kan lọ. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìlà tán. Pẹ́ńsù rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó rọ̀ sókè bí ẹyẹ tó fẹ́ bà, ẹnu rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Kí ló ṣe? Kí ló ṣe?" Pẹ́ńsù sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì.

Ti b àti d kò gba ariwo. Bàbá fún b, dúdú fún d, torí ó ti mọ méjèèjì kọ ní Yorùbá láìṣì. Ní b, ọ̀pá ló ń ṣáájú ikùn. Ní d, ikùn ló ń ṣáájú ọ̀pá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láràárọ̀ nínú yanrìn ẹ̀yìn kíláàsì. Bí "b" ṣe ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni "B" ń dínkù fúnra rẹ̀.

Ti orúkọ, mo dìde mo pe "Boy!" Gbogbo ọkùnrin kíláàsì yíjú. Mo ní orúkọ ni mo fẹ́ pè báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò dáhùn. Mo pè é, àwọn méjì dìde, torí mo ti gbàgbé pé àwọn méjì ló ń jẹ́ ẹ. Kíláàsì dàrú. Ọmọ mi ló gbà mí sílẹ̀: "Àǹtí, orúkọ wọn náà ni. A sọ wọ́n lórúkọ." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ajá ńkọ́, ṣé ẹ sọ ọ́ lórúkọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni Lucky ti gba lẹ́tà ńlá rẹ̀. "I" ni n kò rí àlàyé kankan fún. Mo kàn sọ fún un pé bí àwọn Òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìgbéraga. "My Mummy" sì wà bó ṣe wà. Lẹ́tà kékeré ló tọ́ níbẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún méje tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò fẹ́ gba ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.

Àmì ìbéèrè gba ọ̀sán kan péré. Ní Yorùbá, ṣé àti ǹjẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kéèyàn tó wọlé. Mo ní kí wọ́n wá ṣé nínú ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, bí wọn ò bá rí i síwájú, kí wọ́n fi àmì tó dà bí etí sẹ́yìn.

Ẹni tó ni ilé-ìwé gbọ́ Yorùbá láti fèrèsé lásìkò Gẹ̀ẹ́sì, ó ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, àmọ́ ó ṣe kedere: Gẹ̀ẹ́sì làwọn òbí ń sanwó fún. Mo sọ fún un nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ prámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ti ìjọba nìyẹn. N kò lè bá a jiyàn púpọ̀: ìjọba tó fọwọ́ sí èdè abínibí fún gbogbo prámárì ní 2022 náà ló fagi lé e ní 2025. Mo ṣí ìwé ọmọ náà níwájú rẹ̀, ti oṣù kìíní àti ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ máa ti ilẹ̀kùn."

Ìdánwò ìparí sáà mú wa padà sẹ́yìn. Ìlà tó wà lórí pépà ìdánwò kúrú ju ti ìwé rẹ̀ lọ, àkókò sì ń lọ. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, àmì tún wà ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ìlà kẹrin nǹkan kan jí i. Láti ibẹ̀ lọ, àmì bọ́ síbi tó yẹ, àfi lẹ́tà ńlá ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tó gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dá pépà padà fún un, òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ìlà ló tàn mí."

Ó ti lọ sí Prámárì Kẹta báyìí, ọwọ́ olùkọ́ mìíràn ló wà. Mo kọ ìwé pélébé kan fún wọn, mo fi há ìwé ọmọ náà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: àmì ìdánudúró rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, àfi tó bá ń kánjú. Tí ẹ bá rí D ńlá láàárín ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kékeré rẹ̀ ló ń sá fún. 'My Mummy' kò tọ́, èmi ni mo fi í sílẹ̀. Kọ́mà ò tíì wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tó fi kọ nǹkan, ẹ bi í ní Yorùbá lásìkò ìsinmi. Pépà kàlẹ́ńdà tó kù wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù."